Àjàyí Crowther: Olùkọ́ àti katikíìsì ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di bíṣọ́ọ̀bù

Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, láti Kàbbà dé Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ẹni tó bá ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà lábúlé mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni àlùfáà máa ń wà níbẹ̀. Àlùfáà kan ṣoṣo lè máa bójú tó ìjọ tó ju ẹyọ kan lọ. Lọ́jọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, katikíìsì tàbí lay reader ló máa ń dúró níwájú. Òun ló máa ka àdúrà òwúrọ̀, òun ló máa wàásù, òun náà ló máa kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi lẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ yìí ni, wọ́n dán an wò, bíṣọ́ọ̀bù sì fún un níwèé àṣẹ. Ohun tí kò lè ṣe ni kó ya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́ fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, torí pé wọn ò gbọ́wọ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà.

Àwọn kan máa ń fojú kékeré wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kò tíì dé ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù nínú ìtàn ìjọ náà nílẹ̀ Yorùbá, lo ọdún tó ju mẹ́wàá lọ lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé agbègbè tó di ìpínlẹ̀ Kogí lónìí, lọ́dún 1841, kì í ṣe àlùfáà rárá. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, katikíìsì sì ni.

Ọmọ tí ogun kó

Ìlú Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n bí Àjàyí sí, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ìdílé tó ń hun aṣọ ni ìdílé rẹ̀. Lọ́dún 1821, ogun já wọ ìlú náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn Fúlàní wà nínú ọmọ ogun ọ̀hún, àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì so okùn mọ́ àwọn tí wọ́n mú lọ́rùn, tìyá tọmọ. Àjàyí, ìyá rẹ̀, àtàwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú wọn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Òwò náà ò dúró, wọ́n sì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí tó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Àgùdà ti rà á. Ẹ̀rù pé wọ́n á ta òun fún òyìnbó bà á débi pé ó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn Ọ̀kun ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ìtàn yìí fún wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà, ogun àwọn Tápà kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ní Bùnú, Yàgbà, Ìjùmú àti Owé. Àwọn míì di ẹrú ní Bídà, wọ́n ta àwọn míì lọ sí etí òkun. Èyí tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lójú omi nínú wọn, Sàró ni wọ́n ń bá ara wọn, níbi tí Àjàyí náà dé.

Ní April 7, 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú tó gbé Àjàyí. Ní June 17 ọdún náà ni wọ́n gbé e gúnlẹ̀ sí Freetown. Wọ́n mú un lọ sí abúlé Bathurst, tí àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ń gbé.

Bó ṣe kọ́ iṣẹ́

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ilé ẹ̀kọ́ ni pé kò lè dúró de ìwé tí gbogbo kíláàsì jọ ń lò. Nígbà tí wọ́n jáde, ó lọ tọrọ owó kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ tó bá níbẹ̀, ó sì fi ra ìwé ABD tirẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà.

Ní December 11, 1825, Àlùfáà John Raban rì í bọmi. Samuel Crowther tó di orúkọ rẹ̀, orúkọ àlùfáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ran ẹgbẹ́ CMS lọ́wọ́ ni. Lọ́dún 1826 wọ́n mú un lọ sí Ìlú Ọba, ó lo oṣù díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kan ní Islington. Nígbà tó padà, lọ́dún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ pátápátá nílé ẹ̀kọ́ Fourah Bay, tí CMS dá sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tó máa di olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rán an lọ máa kọ́ni láwọn abúlé bíi Regent àti Wellington. Ó fẹ́ Asano, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan, obìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú bíi tirẹ̀. Olùkọ́ lábúlé Sàró nígbà náà kì í ṣe olùkọ́ ọmọdé nìkan. Ó ń kọ́ ọmọdé lọ́sàn-án, ó ń kọ́ àgbà lálẹ́. Ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò, ó ń parí ìjà, ó sì ń ran àlùfáà lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn tó ń kọ́ sì rèé, èdè wọn ò dọ́gba: Yorùbá, Ígbò, Tápà, Haúsá, àtàwọn míì tí ogun kó jọ síbì kan.

Ibẹ̀ ni Crowther ti kọ́ ohun kan tí wọn ò kọ́ ọ nínú ìwé. Àlùfáà Raban fẹ́ gbọ́ Yorùbá, torí pé àwọn Yorùbá pọ̀ ní Sàró. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Crowther, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Crowther wá rí i pé èdè tí òun gbọ́ lẹ́nu ìyá òun ṣeé kọ sínú ìwé bí èdè òyìnbó, àti pé ìwàásù tí èèyàn bá gbọ́ lédè rẹ̀ máa ń wọlé ju èyí tí ògbufọ̀ bá sọ lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pè é padà sí Fourah Bay láti wá máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ta lórí Odò Ọya

Lọ́dún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba Odò Ọya. Orúkọ àwọn ọkọ̀ náà ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba etídò ṣe àdéhùn kí òwò ẹrú dópin, kí òwò ohun oko sì rọ́pò rẹ̀. CMS fi èèyàn méjì sínú ọkọ̀ náà: Àlùfáà J. F. Schön, ọmọ Jámánì, àti olùkọ́ tó ń jẹ́ Samuel Crowther.

Ní September ni wọ́n dé ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Àtá Ígálà ta ilẹ̀ fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oko kan síbẹ̀. Ibà ò jẹ́ kó lọ jìnnà. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ń pa àwọn òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òyìnbó tó kú ju ogójì lọ nínú nǹkan bí àádọ́jọ tí wọ́n jọ lọ. Ọkọ̀ ní láti sá padà sí etí òkun, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì pa oko náà tì.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó àti ẹ̀mí ti ṣòfò. Ṣùgbọ́n Schön rí nǹkan míì. Bí ìhìn rere bá máa dé inú ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti kọ́ṣẹ́ ló máa gbé e débẹ̀, torí pé wọ́n gbọ́ èdè, ilẹ̀ náà sì bá wọn lára mu. Ó kọ̀wé sí CMS pé kí wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Crowther kọ nínú ìrìn àjò náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde pẹ̀lú ti Schön lọ́dún 1842, jẹ́ kí àwọn aláṣẹ rí irú ẹni tó jẹ́.

Ó ti ń lọ sí ẹni ọdún márùndínlógójì nígbà yẹn, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní Sàró, ó tún wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, olùkọ́ sì tún padà di akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ CMS ní Islington. Ní June 11, 1843, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í ṣe díákónì. Ní October 1 ọdún kan náà, ó di àlùfáà. Ọdún náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde. Ní January 1844, lẹ́yìn tó padà dé Freetown, ó ṣe ìsìn lédè Yorùbá, àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbọ́ àdúrà ìjọ lédè wọn.

Ìyá tó rò pé ó ti kú

Lọ́dún 1845 ó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Ọ̀nà ò là fún wọn títí di 1846, kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Ní August 21 ọdún náà, Crowther rí ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá ò mọ ohun tó máa sọ. Wọ́n kàn di ara wọn mú ni, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ìyá náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, ní February 1848, orúkọ tó sì gbà ni Hannah. Ìtumọ̀ Bíbélì àti ìwé àdúrà ìjọ sí Yorùbá ni Crowther gbájú mọ́ lásìkò yẹn.

Gbẹ̀bẹ̀: níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe àlùfáà ti dá ìjọ dúró

Lọ́dún 1854, ó tún bá Dókítà Baikie gun Odò Ọya nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń lo oògùn kínínì, kò sì sí òyìnbó kankan tó kú. Wọ́n padà lọ lọ́dún 1857 nínú ọkọ̀ Dayspring. Lọ́nà, Crowther fi Àlùfáà J. C. Taylor sí Onitsha. Ó sì gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ míì ní Gbẹ̀bẹ̀, ìlú ọjà ńlá tó wà ní òdìkejì odò sí Lọ́kọ́ja.

Ta ló máa fi síbẹ̀? Àlùfáà òyìnbó ò sí. Àlùfáà aláwọ̀ dúdú ò tó nǹkan. Crowther ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe fún òun náà: ó kó àwọn olùkọ́, òǹkàwé àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti Sàró. Lára wọn ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Thomas. Ọmọ Yàgbà ni. Wọ́n kó o lẹ́rú láti ilé, wọ́n gbà á sílẹ̀, ó sì pẹ́ ní Sàró kó tó padà wá sẹ́nu iṣẹ́ ní Gbẹ̀bẹ̀. Ìwé ìrántí tó kọ níbẹ̀ lọ́dún 1858 àti 1859 ṣì wà títí dòní, àwọn òpìtàn sì ń lò ó.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èdè ilé rẹ̀ ń bọ́ sí i létí nínú ọjà, torí pé àwọn Ọ̀kun wà ní Gbẹ̀bẹ̀, òmìnira ni àwọn kan, ẹrú ni àwọn míì. Wọ́n ṣì ń ta èèyàn nínú ọjà yẹn. Òun tí wọ́n ti tà rí ló wá ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tó ń sọ fún olówó àti ẹrú pé Ọlọ́run kan náà ló dá wọn. Kò sí ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi lè má dé fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó oṣù àti ìwé tó ń retí náà ò sì ní dé. Ó ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń bá olóyè sọ̀rọ̀, kó má bá a wọ ìjà ìlú.

Lọ́dún 1862, àwọn èèyàn díẹ̀ ṣe ìrìbọmi ní Gbẹ̀bẹ̀, àwọn àkọ́kọ́ níbẹ̀. Crowther ló wá rì wọ́n bọmi, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé àti olùkọ́ ló ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lórí oyè, tó sì run ìlú náà láàárín ọdún 1860 sí 1870, iṣẹ́ náà kó lọ sí Lọ́kọ́ja. Àwọn ará Lọ́kọ́ja ṣì ń fi ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity yangàn gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Àríwá Nàìjíríà, Crowther ni wọ́n sì gbà pé ó dá a sílẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù, àti ìdè lẹ́ẹ̀kejì

Ní June 29, 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn nínú ìjọ Áńgílíkà. Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún náà. Townsend ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, ò fara mọ́ kí aláwọ̀ dúdú máa ṣe olórí òyìnbó. Torí náà, ibi tí òyìnbó ò sí ni wọ́n fún Crowther, pàápàá Odò Ọya.

Oyè náà ò yọ ọ́ nínú ewu. Lọ́dún 1867, olóyè kan tó ń jẹ́ Abokko mú un ní agbègbè Ìdá, torí ó ní wọn ò fún òun ní ẹ̀bùn tó tọ́ sí òun. Ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù náà, Dandeson, wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, lọ gbà wọ́n. Ó kó wọn wọ ọkọ̀ tán, ṣùgbọ́n ọfà olóró bà á, ó sì kú. Ọmọ tí wọ́n fokùn so lọ́rùn ní Òṣóògùn wá tún bọ́ lọ́wọ́ ìgbèkùn nígbà tó ti di bàbá àgbà, ẹlòmíì ló sì fi ẹ̀mí san án.

Crowther ò jáwọ́ nínú títọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja láti máa kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe olùkọ́ àti katikíìsì, kí wọ́n má baà máa retí èèyàn láti Sàró ní gbogbo ìgbà.

Ọdún 1890

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ní àléébù kò fara sin. Ilẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ń bójú tó pọ̀ jù. Èkó ló ń gbé, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ló ń wọ̀, òṣìṣẹ́ kan sì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù gbọọrọ láìrí ọ̀gá. Àwọn kan nínú wọn ṣe ṣòwò, àwọn kan hùwà tí kò yẹ. Crowther ní tirẹ̀ máa ń ní sùúrù, àwọn kan sì sọ pé sùúrù náà ti pọ̀ jù.

Ní nǹkan bí ọdún 1889 sí 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tuntun dé. Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson jókòó sí Lọ́kọ́ja, wọ́n ń wọṣọ bí àwọn Haúsá. F. N. Eden ni akọ̀wé. Ní August 1890, ìgbìmọ̀ ìnáwó jókòó ní Onitsha. Wọ́n yọ àlùfáà, wọ́n yọ olùkọ́, wọ́n yọ katikíìsì. Wọ́n dá Dandeson, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún jókòó níbẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, wọn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn náà ni irọ́. Ohun tó dun àwọn ará Èkó, Sàró àti Odò Ọya ni pé wọ́n pa olódodo pọ̀ mọ́ ẹlẹ́bi, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni pé aláwọ̀ dúdú ò lè ṣe olórí. Ohun tí Schön rí lọ́dún 1841 lórí omi kan náà ni wọ́n fẹ́ yí padà.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Crowther lọ́dún 1891. Ó kú ní Èkó ní December 31 ọdún yẹn. Robinson ti kú ṣáájú rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ní June. Brooke kú níbẹ̀ ní March 1892. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò bíṣọ́ọ̀bù, ó sì tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí ọmọ Nàìjíríà tó tún di olórí díósíìsì.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Odidi Bíbélì Yorùbá jáde lọ́dún 1884, Crowther ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1896, CMS gbé ilé ẹ̀kọ́ tó ń tọ́ olùkọ́ àti katikíìsì lọ sí Ọ̀yọ́, òun ni St. Andrew's. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde níbẹ̀ ló lọ sí abúlé tí àlùfáà ò sí, tí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ pọ̀.

Lónìí, ìjọ Áńgílíkà ní bíṣọ́ọ̀bù ní Kàbbà, ó sì ní ní Lọ́kọ́ja. Ìjókòó odò tí Gbẹ̀bẹ̀ wà nígbà náà ti pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ní abúlé kan ní Bùnú tàbí Yàgbà, katikíìsì tó lọ kọ́ iṣẹ́, tó sì padà wá, á ṣí ìwé àdúrà. Èdè tó wà nínú ìwé náà jẹ́ èyí tí olùkọ́ kan láti Òṣóògùn kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀. Àwọn ará ìjọ á dìde, wọ́n á sì dá a lóhùn.